Ògì Àárọ̀ Saheedat

Láràárọ̀ ni Ṣàkírù máa ń tú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò kan sínú ògì ìyàwó rẹ̀. Á rò ó dáadáa, á bojú wẹ̀yìn, á wá gbé kọ́ọ̀bù méjèèjì sórí tábìlì.

"Ẹ tún gbàgbé ṣúgà," Saheedat á wí, ọwọ́ lórí ikùn. "Ọkọ mi, àbí ẹ̀yin náà lóyún ni?"

Ṣàkírù á sáré lọ mú un ní ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, á sáré padà. Tirẹ̀ máa ń korò lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà náà. Ẹni tẹ́rù ń bà, kí ló fẹ́ dùn lẹ́nu ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ní Bàrígà ló rí kòkòrò àtọ̀sí lára Saheedat, tó ní kí ọkọ náà wá, kí àwọn méjèèjì jọ gba ìtọ́jú. Ṣàkírù ò lọ. Ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Sabina, àlè òun ní Fádèyí, lòun ti kó o. Tó bá ń tọ̀, bí ata ni. Ó yọ́ lọ ra káàdì kápúsù kan ní kẹ́míìsì. Tòun lè dúró. Ọmọ ni kó kọ́kọ́ yè.

Ara Saheedat wá gbóná.

"Nọ́ọ̀sì ní kò burú," ó wí. "Ó ní ṣọ́jà inú ẹ̀jẹ̀ mi ló ń bá kòkòrò jà kó má baà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ṣọ́jà ti gbéjọba fún alágbádá, tèmi ò tíì padà sí bárékè!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣàkírù ò lè rín.

Nígbà tó yá, ara Saheedat tutù. Ìtọ̀ ò ta Ṣàkírù náà mọ́. Ó ní Ọlọ́run ló ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ń kọ́ ní Ṣómólú, pósítà sẹ́ńtà ìlera ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Àwòrán kápúsù ni, pupa àti yẹ́lò, wọ́n fa igi lé e. Ó ń ka ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀: Aláboyún ò gbọdọ̀ lò ó. Ó ń ba egungun ọmọ jẹ́.

Ó sáré délé ní Bàrígà láì wọ bàtà. Saheedat ń fọ kọ́ọ̀bù.

"Mo ti ba ọmọ wa jẹ́!" Ó wólẹ̀. "Mò ń da oògùn sínú ògì ẹ. Èmi ni mo kó kòkòrò náà wálé."

Saheedat ṣan kọ́ọ̀bù kan, ó dojú ẹ̀ bolẹ̀.

"Ẹ dìde jàre," ó wí, "nọ́ọ̀sì ti gún mi lábẹ́rẹ́ tèmi lọ́jọ́ tí ẹ ò yọjú, mo sì ti rí káàdì oògùn yín látàárọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti sáré lọ mú ṣúgà ni mo ń pààrọ̀ kọ́ọ̀bù wa."