Ọwọ́ Olórin Sóòlù

Ó ti tó ogójì ọdún tí Fẹ́hìntọ́lá ti ń jowú Ìbíyẹmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, torí pé Ìbíyẹmí ni olórin kan tó ń kọ sóòlù, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tó sì ti di olóògbé báyìí, fà lọ́wọ́ jó lálẹ́ tó wá kọrin ní gbọ̀ngàn ìlú wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó sínú gbọ̀ngàn náà, tó ti dahoro, wọ́n ń rántí.

“Kóòtù funfun ló wọ̀,” Ìbíyẹmí wí.

“Irọ́ ńlá! Dúdú ni.”

Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí pákó ìtàgé, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí ẹnì kankan.

“Aláwọ̀ aró ni,” ohùn ọkùnrin kan dáhùn.

Ọwọ́ kan yọ láti inú òkùnkùn, ó nà sí Ìbíyẹmí.

“Kò tún ní í jẹ́ ìwọ!” Fẹ́hìntọ́lá tì í sẹ́yìn, ó sì di ọwọ́ tútù náà mú.