Ògiri Àwọn Akànṣẹ́

"Ẹ má lẹ òyìnbó yẹn mọ́ ògiri akọni wa!" Japhet ló pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ní Igbóbì.

"Gbogbo Ìlú Ọba ló mọ̀ ọ́n," Àjàlá, aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fèsì, àwòrán akànṣẹ́ náà tó ti gbó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òkìkí lásán! Ta ló nà rí?"

Wọ́n kọjú sí aláìsàn tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dì dé àgbọ̀n, tí kò lè mira tàbí sọ̀rọ̀.

Àjàlá ní, "Bọ̀dá, ẹ bá wa dájọ́. Tí ẹ bá ṣẹ́jú kí n tó ka ẹ̀wá, òyìnbó wọlé."

Aláìsàn náà ranjú títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí Àjàlá ṣe ka ẹ̀sán, ó ṣẹ́jú.

Wọ́n lẹ àwòrán náà síwájú rẹ̀ gan-an. Nínú àwòrán náà, òyìnbó na ọwọ́ sókè. Aláìsàn yìí fúnra rẹ̀ ló nà gbalaja lẹ́sẹ̀ òyìnbó náà, tí rẹfirí ń kà lé e lórí.