Òkúta Inú Òkè

Ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin ọkọ.

1. Télọ̀ kan wà tó mọṣẹ́ débi pé bí o bá ṣáà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a gán bọ́tìnì. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, ní téèpù tirẹ̀. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n: àga, ológbò, orí bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó wọn ìyá rẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà.

"Bàbá mi, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni àyà tiyín. Màámi ló ní òkè méjì!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n òkè ti òsì ti gbé òkúta mì. Mo fọwọ́ kàn án nígbà tí mo sùn lé wọn láyà. Kò rọ̀ rárá."

Télọ̀ fa ọmọ létí. "Pa ẹnu ẹ dé! Ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀kọ́rọ̀?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá ọmọ mi," ìyá ní. Ilẹ̀ ló ń wò.

2. Ọmọ ò sọ ọ́ mọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kí ìyá náà sọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, aṣọ ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lápá òsì. Ojú télọ̀ rí i. Kí ló ṣe? Ó tú ojú rírán, ó fi aṣọ kún apá òsì, ó sì ki fóòmù sí ọ̀tún kí méjèèjì lè dọ́gba.

"Wò ó, ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ kú iṣẹ́," ìyàwó ní. Kò rẹ́rìn-ín.

3. Ìgbà tí òkúta náà di egbò ni wọ́n tó rí dókítà.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?" dókítà bèèrè.

Ìyàwó ló fèsì: "Ọmọ wa ni."

Ọdún ò yí po tí ìyàwó fi kú. Ọkọ rẹ̀ ló rán aṣọ ìkẹyìn fún un. Kò ki fóòmù sí i. Ọmọ dúró ti ẹ̀rọ, téèpù lọ́rùn.

"Bàbá mi, ṣé ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí mo sọ ló pa Màámi?"

"Rárá, ọmọ mi. Nínú ilé yìí, ìwọ nìkan lo sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dárúkọ ẹ̀yà ara, ẹ má bò ó lẹ́nu. Ẹ bi í léèrè ohun tó rí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa fọwọ́ yẹ ọmú yín wò. Bí òkúta bá wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ télọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.