Ẹ̀rọ Tí Ìbíyẹmí Gbé Kọ́ Bàbá Rẹ̀ Lọ́rùn

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2091, ọyẹ́ mú títí ètè gbogbo èèyàn fi là. Ìbíyẹmí gbé ẹ̀rọ sílíkọ́nì pẹlẹbẹ tó ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé kọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, nítorí òfin ní òbí ẹni tó ṣe é ni yóò kọ́kọ́ gbé e wọ ilé iná átọ́míìkì. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ké bó bá ti fura sí ìtànṣán nútúrọ́ọ̀nù, èyí tí ojú kì í rí, tó sì lè pa èèyàn.

"Ṣé ó bá agbádá mi mu?" ni bàbá bi í.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Bàbá kọjá ìlà pupa, níbi tí ìtànṣán náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ké.

"Ó dákẹ́, kò séwu!" ni bàbá wí, ó sì ń lọ síwájú.

Ìbíyẹmí sáré dé etí ìlà náà. Òun nìkan ni òfin gbà láyè láti pè é padà, bó bá sì pè é, ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò oyè rẹ̀ nìyẹn.

"Bàámi, ẹ padà! Ẹ̀rọ mi ò ríran!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ládélé, olùyẹ̀wò, mí kanlẹ̀. "Ìbíyẹmí, wàá tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

Bàbá padà, ó bọ́ ẹ̀rọ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Bó o bá ṣe tuntun, èmi náà ni n ó wọ̀ ọ́."