Ọ̀bọ Jí Ọ̀rọ̀ Ìgbín Sọ

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ Ìgbín, ó ṣubú lu Ọ̀bọ.

Odò gbẹ nínú igbó. Ẹkùn, ọba ẹranko, ní ẹni tó bá mọ ibi tí omi wà ni yóò kọ́kọ́ mu ún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì gbọ́dọ̀ dárúkọ onítọ̀hún. Ìgbín ti rí omi, ó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó pàdé Ọ̀bọ lọ́nà, ó sì sọ fún un. Ni Ọ̀bọ bá sáré ṣíwájú, ó tún ọ̀rọ̀ Ìgbín sọ níwájú ọba láìfi ẹyọ kan sílẹ̀:

“Kábíyèsí, omi wà lẹ́yìn igbó ẹ̀gún. Àyà ni mo fi wọ́ kọjá lórí ẹ̀gún, ẹyọ kan ò gún mi.”

“Ta ló sọ ọ́?”

“Ojú mi ló ṣe, Kábíyèsí. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan.”

“Ó dáa. Fi àyà wọ́ ṣíwájú, a ó máa tẹ̀lé ọ.”

Ọ̀bọ wọ́ wọnú ẹ̀gún. Kò tíì jìnnà tó fi bú sórin, àwọn tó kù ń gbè é:

Ẹ̀gún gún mi láyà o,
*Ta ló sọ ọ́?*
Ìgbín ló sọ ọ́ o,
*Ta ló sọ ọ́?*
Tèmi kọ́ lọ̀rọ̀ náà o,
*Ta ló sọ ọ́?*

Ìgbín dé, ó wọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó lọ mu omi.

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀bọ kì í dá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Á ní, “Àkùkọ ló sọ pé ilẹ̀ ti mọ́.”

Ẹ̀yin tí ẹ máa lọ pa àlọ́ yìí níbòmíì, ẹ má gbàgbé ẹnu tí ẹ ti gbọ́ ọ.