Ẹsẹ̀ Tó Wà Nínú Àwòrán

Ọ̀la ni eré olórin kan yóò bọ́ sórí ìtàgé ní Bódìjà.

Dókítà Ọládipọ̀, tó ṣe ìwádìí ìtàn àti àṣà tó wà nídìí eré náà, ń tọ́ka sí àwòrán ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn lára ògiri.

Ọmọge kan ló ń jó níbẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ òsì sókè, ó lanu gbàgà.

Ọládipọ̀ ké sí oníjó tó ń fara wé àwòrán náà: "Jẹ́jẹ́lọlá, ká ẹsẹ̀ yẹn sí i! Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ nìyẹn. Ojú ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀."

Ìyá aránṣọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó aṣọ eré dé láti Àgbowó, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ gbà mí o! Ta ló ṣe ọmọ yìí léṣe?"

Àwọn oníjó bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí Ọládipọ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Gbogbo ìwé tó wà ni mo bi."

Màmá sún mọ́ àwòrán náà, wọ́n wò ó títí.

Wọ́n wá jókòó, wọ́n bọ́ bàtà òsì.

Àpá kan là wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ já.

"Ìṣó ló gún mi lórí ìtàgé lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán yìí, ọmọ mi. Mò ń ké, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àgbowó tó wà nítòsí yìí ni mo ń gbé láti ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ọládipọ̀ ò lè gbójú sókè. Ilẹ̀ tó ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ló tẹjú mọ́.