Igbe Inú Fíìmù

"Ọ̀gá, mi ò ní paná yàrá mi lálẹ́ òní!" Obìnrin oníwòran kan ló ké bẹ́ẹ̀ bí fíìmù náà ṣe parí. "Igbe tí ọmọ yìí ké nígbà tí wọ́n ní ìyá rẹ̀ kú, báwo lẹ ṣe rí i fà yọ?"

Òṣèrébìnrin tó ké igbe náà tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, olùdarí fíìmù náà. Ó mọ èsì rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ gan-an ló kú lọ́jọ́ tí wọ́n ya ibẹ̀, iwájú kámẹ́rà ni ọ̀gá sì ti sọ fún un. Ó ti dárí jì í.

Ìyìn wọ ọ̀gá lára, ó gbàgbé ẹni tó jókòó tì í.

"Ọgbọ́n iṣẹ́ ni, màmá. Àárọ̀ ọjọ́ tá a ya á làbúrò ọmọ yìí ti pè mí pé kó tètè máa bọ̀ nílé ìwòsàn. Mo ní kò tíì dé ibi iṣẹ́."

"Ọ̀gá," ni òṣèré náà wí, "láàárọ̀ yẹn, ṣé màmá mi ṣì ń mí?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. "Ó ń mí. Ó tiẹ̀ ń bèèrè ẹ."

Oníwòran yẹn fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ wojú ọmọ yìí! Wọ́n tún ń ṣe eré mìíràn fún wa!"